Níbi Tí Dátà Há Sí

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ní Computer Village, Ìkẹjà, ọmọ iṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan skúrúdíráfà. Bí oníbàárà bá gbé fóònù àtijọ́ dé, tó ní íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń falẹ̀, ìbéèrè kan ni ọ̀gá mi máa ń bi mí: "Níbo ni dátà há sí?" Ó lè há sọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì, ó lè há sínú síìmù, ó sì lè jẹ́ áńtẹ́nà inú fóònù ni. Ẹni tí kò bá lè wá ibẹ̀ rí, "ẹ lọ ra òmíràn" ni yóò máa wí. Ọ̀gá mi kórìíra kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń fi fóònù yẹn tajà, tó fi ń gbowó.

A ó kọ́kọ́ tẹ *#*#4636#*#*. Ọ̀pọ̀ Android máa ń gbọ́ ọ, yóò sì fi agbára nẹ́tíwọ̀kì hàn ní dBm, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Lórí 4G, −85 dára gan-an. Bó bá ti ń lọ sí −115, ìyà ń jẹ fóònù náà nìyẹn. Báà tó wà lókè fóònù kò ṣe é gbára lé, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tí báà kan dúró fún.

Síìmù ló kàn. GSM dé Nàìjíríà ní 2001, àwọn àgbàlagbà kan kò sì tíì pààrọ̀ síìmù ayé ìgbà náà. Irú rẹ̀ kì í gbé 4G. Kí wọ́n lọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì wọn ni, nọ́ńbà wọn ò ní yí padà. Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ fóònù onísíìmù méjì àtijọ́, ojú kan ṣoṣo ló ń gbé 4G, èkejì kì í kọjá 2G.

Bándì, ìyẹn ojú ìgbì rédíò tí nẹ́tíwọ̀kì ń lò, ló pẹ́ jù kó tó yé mi, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà lè dé, 4G wà lára rẹ̀, síìmù dára, síbẹ̀ kó máa rìn lórí 3G. Glo bẹ̀rẹ̀ 4G ní 2016 lórí 700 MHz. Amẹ́ríkà náà ní 700 MHz. Ọ̀gá mi mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi: lórí Band 28 tí Glo ń lò, láàárín 758 sí 803 ni fóònù ti ń gbọ́ òpó, lórí Band 12 ti Amẹ́ríkà, láàárín 729 sí 746 ni. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ 700, wọn ò sì pàdé níbì kankan. Ìdí nìyẹn tí síìmù gbogbo nẹ́tíwọ̀kì fi wà nínú agolo kékeré kan lórí tábìlì wa, tí a fi ń dán fóònù wò.

"Màmá, fóònù yín ò bàjẹ́ o," ni ọ̀gá máa ń wí lẹ́yìn tó bá ti dán wọn wò tán. "Síìmù ti nẹ́tíwọ̀kì yìí ni kí ẹ fi máa ra dátà." Bí kò bá sí èyí tó bá a mu, MiFi ló kù: òun ni yóò gba 4G, fóònù á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lórí Wi-Fi.

Àwọn kan máa ń bẹ̀ wá pé ká ti fóònù mọ́ "LTE only," ìyẹn 4G nìkan. Ọ̀gá mi kì í gbà. Fóònù tí kò ní VoLTE, ìyẹn ìpè lórí 4G, ní láti sọ̀kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G kó tó lè gba ìpè. Bí a bá tì í mọ́bẹ̀, ìpè ò ní wọlé, olówó rẹ̀ ò sì ní mọ̀. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká dá WhatsApp dúró kó má máa wa fọ́tò àti fídíò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ká sì ní kí Play Store dúró de Wi-Fi.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni skúrúdíráfà tó dé. Fóònù tí wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ rí ni mo máa ń fura sí jù. Ẹni tó tú u lè má dá gbogbo nọ́ọ̀tì padà, kí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so bọ́ọ̀dù mọ́ áńtẹ́nà má kanra wọn mọ́, tàbí kí wáyà áńtẹ́nà ti yọ lórí rẹ̀. Bí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, a ó fi IPA (isopropyl alcohol) nù ún, a ó tẹ wáyà padà títí yóò fi dún kẹ́. Lẹ́yìn náà la ó tún tẹ *#*#4636#*#* lórí tábìlì kan náà, pẹ̀lú síìmù kan náà. Iye dBm tó wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tó wà báyìí, méjèèjì là ń kọ sórí rìsíìtì, kí oníbàárà lè rí ohun tó sanwó fún.