Ìdérí Míkírò Gìtá Bàbá Wa

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí ó máa ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́nà. Ohun èlò kékeré tí wọ́n dè mọ́ àyà gìtá oníná, lábẹ́ okùn rẹ̀, ni àwọn Faransé ń pè ní micro, àwa náà sì gbà á bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu: míkírò. Bí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀. Wọ́n á ní ó ń gbọ́ ohùn okùn gẹ́gẹ́ bí míkírò oníwàásù ti ń gbọ́ ohùn oníwàásù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Míkírò gìtá kò létí. Bí ẹ bá pariwo sí i títí ilẹ̀ fi ṣú, kò yẹ kí ó gbọ́ yín.

Òòfà, ọ̀pá irin mẹ́fà àti okùn bàbà ni ó wà nínú rẹ̀. Okùn bàbà náà kò nípọn tó ìdámẹ́wàá mìlímítà kan, nǹkan bí 0,063 mm ni, wọ́n sì máa ń wé e po ní nǹkan bí ìgbà 5 000. Nígbà tí okùn gìtá, tí í ṣe irin, bá gbọ̀n lókè rẹ̀, ó ń da agbára òòfà láàmú. Ìdààmú yìí sì ń bí iná kékeré nínú okùn bàbà. Iná yẹn ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń sọ di orin. Afẹ́fẹ́ kò lọ́wọ́ sí i. Ní ọdún 1955, Seth Lover, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí míkírò tí ó ní ìdì okùn méjì, tí a wé ní ọ̀nà tí ó tako ara wọn, kí híhùn iná mànàmáná tí ó bá wọ inú ọ̀kan lè pa ti èkejì. Ìwé náà jáde ní 1959. Irú míkírò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ìdérí irin bò, tí wọ́n á fi òjé jó o mọ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ojú méjì, kí irin náà lè máa gba ariwo iná inú yàrá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ okùn bàbà.

Méjì irú rẹ̀ ni ó wà lára gìtá tí bàbá wa fi sílẹ̀ nígbà tí ó papò dà. Àlòkù ni, wọ́n ṣe é ní Jàpáánì, bàbá sì rà á ní Kútọnu lọ́wọ́ atukọ̀ òkun kan kí wọ́n tó bí mi. Ó fi í ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọdún púpọ̀, ní ibi ìgbéyàwó àti ibi òkú àgbà, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu. Wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pa ìdérí méjèèjì láró. Èyí tí ó wà lápá ọrùn gìtá ṣì ń dán díẹ̀. Èyí tí ó wà lápá ìdí kò dán mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé láti fi mú kí okùn dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wúrà ibẹ̀ ti ṣí, níkẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ ti ṣí, idẹ sì yọ jáde ní àwòrán ìdí ọwọ́ ènìyàn. Òógùn àti iyọ̀ atẹ́gùn ọ̀sà ti wọ inú rẹ̀ gba ojú ihò síkúrù, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti jẹ igun kan já, gan-an níbi tí òjé ti dì í mú.

Láti ìgbà náà ni míkírò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí a yàn pé kí ó fi gìtá náà kọrin ní ọjọ́ ìrántí ọdún kẹwàá bàbá, kò lè gbé ohùn rẹ̀ sókè kọjá ìwọ̀n kékeré kí igbe má baà bẹ́ jáde, igbe gooro tí àwọn Faransé ń pè ní larsen, láti inú orúkọ onímọ̀ físíìkì ará Denmark kan. Bí ẹ bá fi èékánná kan ìdérí náà, ẹ óò gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Bí wọ́n bá ń lu ìlù nítòsí, ìlù ń wọ inú gìtá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Wọ́n máa ń da ìda sáàárín ìdérí àti okùn bàbà kí ohunkóhun má baà mì níbẹ̀. Ìda tiwa ti gbẹ, ó ti là, igun kan ìdérí kò sì dè mọ́. Ohùn tí ó bá ti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè jáde ń mì ín, mímì rẹ̀ ń di iná, iná náà sì tún ń padà di ohùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ìbá jàre níwájú gìtá yìí: ó ti di míkírò ní tòótọ́.

Ó kù kí a mọ ohun tí a óò ṣe, ibẹ̀ sì ni ìjà wà.

Ọmọ àbúrò mi ní kí a ṣí ìdérí náà dànù, kí a má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rò ó. Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, ọ̀pọ̀ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà yọ ti wọn kúrò, wọ́n ní ohùn gìtá ń mọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń tún rédíò ṣe ní ó tì, pé ìdérí maillechort ni kí a rà, òun ni ó dára jù. Màmá wa, ẹni tí ó ń fetí sí wa láti orí ẹní, wá là á mọ́lẹ̀ pé:

— Ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ọwọ́ bàbá yín ló jẹ wúrà yẹn tán.

Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ọmọ àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, «Màmá àgbà, ẹ má bínú», ó sì gbé gìtá náà padà sínú àpótí. Èmi náà kò fẹ́ fọ̀rọ̀ ọwọ́ bàbá ṣeré. Ṣùgbọ́n bí gìtá náà bá ń ké bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ìrántí, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ bàbá nínú rẹ̀.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ìdérí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Olùkọ́ físíìkì ni mí ní CEG, mo sì mọ̀ pé irin tí ó bá wà ní ojú ọ̀nà òòfà kì í jókòó lásán. Òòfà tí agbára rẹ̀ ń yí padà máa ń bí iná kéékèèké nínú irin tí iná lè gbà kọjá. Iná náà á máa yí po nínú irin bí omi tí ó ń fẹ́ yíyí lódò, á sì máa tako ohun tí ó bí i. Courants de Foucault ni ìwé wa ń pè é, nítorí Léon Foucault, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan náà tí ó fi òṣùwọ̀n rọ̀ sórí okùn gígùn láti fi han aráyé pé ilẹ̀ ayé ń yí. Bí okùn gìtá bá ṣe ń yára gbọ̀n tó ni ìtakò yìí ń le tó. Nítorí náà, ohùn òkè, ohùn tín-ín-rín, ni ó ń jẹ. Idẹ sì máa ń gba iná kọjá dáadáa, ó ń jẹ púpọ̀. Maillechort, tí wọ́n fi bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì pò, kò gba iná kọjá tó ìdámẹ́ta ti idẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ ohùn. (Ó máa ń tan funfun bíi fàdákà, ṣùgbọ́n fàdákà kankan kò sí nínú rẹ̀, orúkọ àwọn oníṣẹ́ irin méjì ará Lyon ni wọ́n so pọ̀ tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀.)

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ mi sọ, maillechort ń jẹ́ kí ohùn mọ́ jù. Òun ni mo ní láti kọ̀ ṣáá. Ohùn tí a fi mọ bàbá, tí ó nípọn, tí ó dà bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ, idẹ ló sẹ́ ẹ kó tó dé etí wa. Bí a bá fi irin tí ó sàn jù rọ́pò rẹ̀, tàbí tí a yọ ọ́ dànù, gìtá mìíràn ni a óò gbọ́ ní ọjọ́ ìrántí. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé bá mi wá ìdérí onídẹ. Ẹni tí ó ń tà á gbìyànjú láti yí i lérò padà, ó ní kò sí ẹni tí ń béèrè irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó dé, mo fi fáìlì ha inú rẹ̀ díẹ̀ kí ó dá mi lójú: idẹ máa ń yọ pupa rúsúrúsú, maillechort eérú-funfun.

Kí ẹ tó ra ìdérí, ẹ kọ́kọ́ wọn míkírò yín, láti àárín síkúrù àkọ́kọ́ dé àárín ẹ̀kẹfà. Tiwa jẹ́ 50 mm. Àwọn tí ó jẹ́ 49,2 wà, àwọn tí ó jẹ́ 52 sì wà. Bí ihò àti síkúrù kò bá ṣe déédéé, síkúrù kò ní wọlé, kò sì sí agbára tí ó lè tún un ṣe.

Òjé àtijọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ míkírò fẹ̀, ó sì máa ń mu ooru. Irin ìjó-òjé kékeré á pẹ́ lórí rẹ̀, pípẹ́ rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ okùn bàbà, èyí tí ó bá já, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Irin tí ó gbóná gan-an, tí a gbé kalẹ̀ tí a sì tètè gbé kúrò, ni ó dára. Mo fi abẹ ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé òjé náà ní ẹ̀gbẹ́, mo sì rọra fà ìdérí náà sókè. Ìda inú rẹ̀ ti di ẹ̀rún.

Mo ra ìda oyin díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oyin, mo sì yọ́ ọ pọ̀ mọ́ àbẹ́là, ìda oyin ìdá kan, àbẹ́là ìdá mẹ́rin. Wọn kì í gbé e lé iná tààrà. Inú omi gbígbóná ni a ń gbé ìkòkò rẹ̀ sí, bí ẹni tí ó ń se ọ̀lẹ̀, kí ó má kọjá 65 °C, nítorí ike tí wọ́n wé okùn bàbà lé lórí máa ń tẹ̀ bí ó bá gbóná jù. Míkírò àti ìdérí rẹ̀ tuntun jọ wọ inú ìda náà. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń hó jáde láti inú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí híhó náà dáwọ́ dúró, mo mọ̀ pé ìda ti gba àyè rẹ̀. Mo nu ún, mo fi ṣánpépà ha ibi tí òjé yóò dì mọ́, mo sì jó o ní ojú méjì.

Ọmọ àbúrò mi gbé ohùn gìtá náà sókè débi tí gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Kò ké. Mo fi èékánná kan ìdérí náà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè kò sọ nǹkan kan. Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò bọ́ sínú yàrá, ṣùgbọ́n mo rí i láti ojú fèrèsé pé ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí atẹ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ó béèrè ìdérí àtijọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ ìpẹtà rẹ̀ kúrò ní inú, n kò sì fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ó dì í mọ́ etí aṣọ òkè bàbá, ó sì tì í sínú àpótí.

Ìdérí méjèèjì orí gìtá kò jọra mọ́ báyìí. Ọ̀kan ń dán bí owó tuntun, èkejì ti ṣá. Ó ń bí ọmọ àbúrò mi nínú. Ó ní kí a pààrọ̀ èyí tí ó kù kí wọ́n lè bá ara wọn mu ní ọjọ́ ìrántí. Mo kan èyí náà pẹ̀lú èékánná. Kò sọ nǹkan kan, mo sì fi í sílẹ̀.