Ẹ Jẹ́ Kí Dáìsì Sọ Tẹnu Rẹ̀

Eré kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń tìtorí ẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àgbà tó bá ń ṣe irú ẹ̀ ti padà di ọmọdé. Dungeons & Dragons lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé e jáde lọ́dún 1974. Kì í ṣe eré tí ẹnì kan ti ń borí ẹnì kejì. Adarí á máa sọ ìtàn. Àwa yòókù, kálukú á mú ẹnì kan nínú ìtàn náà, á sì máa sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè dára tó sì lè bàjẹ́, dáìsì la ó jù. Kì í ṣe dáìsì lúdò olójú 6 o. Olójú 20 ni èyí tí a ń lò jù.

Adarí a máa gbé páálí kan dúró níwájú bí ìgànnà. Ẹ̀yìn páálí yìí ló ti ń ju dáìsì tirẹ̀, òun nìkan ló sì ń rí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Ní London níbi tí mò ń gbé, àwa márùn-ún la máa ń pàdé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ Yorùbá ni adarí wa, àbúrò ló jẹ́ sí mi. Ọdẹ ni ẹni tí èmi mú, Akínlabí lorúkọ rẹ̀. Oṣù méje gbáko la ti jọ wà lẹ́nu ìrìn àjò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òmìrán kan lé wa dé orí afárá. Mo ní kí àwọn yòókù máa sá lọ, kí Akínlabí dúró dè é. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ̀mí Akínlabí ti kù díẹ̀ kíún nígbà tí òmìrán gbé kùmọ̀ sókè. Àbúrò mi ju dáìsì. Ó wò ó, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó tàsé!" Gbogbo ilé hó yèè. Èmi nìkan ni kò hó. Mo ti dìde láti lọ bu omi, ojú mi sì bọ́ sẹ́yìn páálí. 18 ni mo rí. 18 tó láti fọ́ Akínlabí túútúú.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, mo bi í. Kò jiyàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni? Lẹ́yìn oṣù méje? Mo ro tiyín ni."

"Mo mọ̀ pé o ro tèmi. Ṣùgbọ́n ta ló gba àwọn ọ̀rẹ́ wa là lórí afárá yẹn, èmi ni àbí ìwọ?"

Kò rí èsì fún mi.

Bí mo bá ní kí Akínlabí dúró, tí adarí sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé kò ní kú, kí ni mo yàn? Ìgboyà bẹ́ẹ̀ dà bí ti ọmọdé tó ń jà, tí bàbá rẹ̀ bá a di ẹni tó ń bá jà lápá mú. Ẹni tó sì fi irọ́ gbà mí là lónìí lè fi irọ́ pa mí lọ́la, n ò ní mọ̀. Gbogbo ìṣẹ́gun wa àtẹ̀yìnwá wá di ohun tí mò ń fura sí. Nínú ayò, ojú ọpọ́n lọmọ ayò wà, tọ̀ta tòpè ló ń rí i.

Àbúrò mi kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gygax fúnra rẹ̀, nínú ìwé tó kọ fún àwọn adarí lọ́dún 1979, gbà kí adarí dá ẹ̀mí ẹni sí bí ẹni náà bá ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ tí dáìsì sì ṣe é níkà. Ìwé ti ọdún 2014 náà gbà á láyè, ó kàn kìlọ̀ pé kí adarí má ṣe é lemọ́lemọ́, kó má sì jẹ́ kí àwọn tó ń ṣeré mọ̀. Ìkìlọ̀ ìkẹyìn yìí ni kò bá mi lára mu. Inú rere tí a gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ fún ẹni tí a ṣe é fún, ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo wa jọ sọ ọ́. Obìnrin kan láàárín wa, nọ́ọ̀sì ni, ní òun ń rí ikú tó níbi iṣẹ́. Òun ò fẹ́ kí dáìsì burúkú kan ṣoṣo tún pa ẹni òun lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé, bí a ò bá lè gba ohun tí dáìsì máa sọ, ká má jù ú rárá. Kí adarí sọ ọ́ ṣáájú pé, "Bí èyí bá bà ọ́, apá ló máa kán, o ò ní kú." Ṣùgbọ́n bí a bá ti máa jù ú, gbangba ni, lójú gbogbo wa.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Akínlabí ṣubú nínú ihò kan. Nínú òfin eré náà, ẹni tó bá ṣubú báyìí á máa ju dáìsì: 10 sókè dára, èyí tó bá dín kò dára, bí èyí tí kò dára bá pé mẹ́ta kí èyí tó dára tó pé mẹ́ta, ó parí. Èmi ni mo jù ú fúnra mi. 7. 14. 4. 9. Ilé pa rọ́rọ́. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́."

Ó dùn mí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Akínlabí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé èmi ni mo mú un débẹ̀, kò sẹ́ni tó tì mí, kò sẹ́ni tó fà mí. Ẹni tó bá fẹ́ràn wa, kó jẹ́ kí ohun tí a yàn jẹ́ tiwa, ìbáà dùn, ìbáà korò.