Wolé-wolé Kan ní Ìbàdàn

Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni àbúrò mi obìnrin fi ń ra èlùbọ́ àti ẹ̀wà jọ ní Ṣakí, kí ó tó pinnu pé òun yóò gba ìsọ̀ ńlá kan sí ìgboro Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, níbi tí òun yóò ti máa ta ọjà lápò-lápò fún àwọn alágbàtà. Nígbà tí ó sì di pé kí ó lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ó ní kí n sin òun lọ, èmi kò sì jiyàn, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìdájí ni a kúrò ní Ṣakí Àṣabàrí, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa ní Ìṣẹ́yìn. Láti ibẹ̀ dé Mọ́níyà jẹ́ kìlómítà 65, ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ rí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awakọ̀ fi ń yí gba Ọ̀yọ́, tí tòmátò sì ń jẹrà lórí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dán nísinsìnyí, mo sì gbà pé kò sí ọ̀nà tí ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ tún ṣe bí kò ṣe èyí tí oúnjẹ ń gbà wọ ìlú. Bí a ti ń la Ìjàyè kọjá ni mo rántí ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, bí Ìbàdàn ti ká Kúrunmí, olórí Ìjàyè, mọ́, tí ìyàn sì pa àìmọye ènìyàn nínú odi kí ìlú náà tó tú ní 1862. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà oúnjẹ mú, ẹ̀mí ènìyàn ni ó dì mú, ìbáà ṣe ológun, ìbáà ṣe oníṣòwò.

Ní ọ́fíìsì, àwọn ìwé wa pé: ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò láti ọ̀dọ̀ CAC, ìwé owó orí, ìwé àdéhùn ìsọ̀, àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ tí ilé ìwòsàn ṣe fún àbúrò mi àti àwọn ọmọkùnrin méjì tí yóò máa bá a gbé ẹrù. Akọ̀wé gbà wọ́n tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní ó ku kí wolé-wolé wá wo ìsọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà bí tèmi yóò rántí ohun tí orúkọ yẹn máa ń ṣe sí wa lọ́kàn. Bí wolé-wolé bá ti fi aṣọ kakí rẹ̀ yọ ní ìgboro, àwọn ìyá wa a da omi àmù nù wàrà-wàrà nítorí tanwíjí, àwa ọmọdé a sì sá sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rù yẹn kò tíì tán nínú mi nígbà tí wolé-wolé tiwa, obìnrin kan, dé sí ìsọ̀, tí ó kúnlẹ̀ kí wa, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wo òrùlé bóyá ó ń jò, ó wo fèrèsé bóyá eku lè gba ibẹ̀ wọlé, ó wọn àlàfo tí ó wà láàárín ògiri àti pákó tí a to àpò lé, ó sì yìn wá pé èlùbọ́ kò fara kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn àpò ẹ̀wà mẹ́ta tí àbúrò mi ti kó síbẹ̀ ṣáájú, ó sì fa ìgò kékeré kan yọ.

“Ìyá mi, ta ló ni èyí?”

“Èmi ni, ọmọ mi. Kòkòrò ni mo fi ń pa. Kò sí ẹni tí kì í lò ó lọ́jà.”

“Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀wà tí ẹ ń sè fún àwọn ọmọ-ọmọ yín ńkọ́, ṣé ẹ ń da èyí sí i náà?”

Àbúrò mi kò fèsì. N kò lè gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn, nítorí ó mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé ẹ̀wà tí à ń jẹ nílé wa, inú garawa ọ̀tọ̀ ni ó ń wà, ata gbígbẹ ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ nínú garawa yẹn, n kò sì bi í léèrè rí ìdí tí ó fi yà á sọ́tọ̀. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Obìnrin náà kò bú u. Ó fa àpótí kan jókòó, ó sì fi sùúrù sọ fún wa, bí ọmọ ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé dichlorvos ni ohun tí ó wà nínú ìgò náà, pé a kò ṣe é fún oúnjẹ rárá, pé òun ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní 2015, àti pé ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ láàárín ọjà. Ó wá júwe àpò alábala mẹ́ta fún wa, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde: bí a bá di ẹnu wọn pinpin, àwọn kòkòrò inú ẹ̀wà yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, wọn yóò sì kú láìsí oògùn kankan. Ó kó ìwé rẹ̀, ó ní òun kò lè bu ọwọ́ lù ú lónìí.

Ní ẹnu ọjà, ọkùnrin kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba sún mọ́ wa, ó ní bí a bá mú owó wá, ìwé náà yóò jáde kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n àbúrò mi ti ṣáájú mi. “Bọ̀dá mi,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí á lọ ra àpò.” Ẹ̀wà àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó rì mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ó ní bí òun bá tà á lẹ́yìn ohun tí òun ti gbọ́, apànìyàn ni òun.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni ó fi àmójútó ibi tí a ti ń ta oúnjẹ fún ará ìlú lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wa sì rò pé owó ni wọ́n kàn fẹ́ gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ta lápò-lápò kì í rí ojú ẹni tí yóò jẹ ẹ́: òun tà fún alágbàtà, alágbàtà tà fún olóúnjẹ, olóúnjẹ sè é fún ọmọ ilé-ìwé àti awakọ̀. Nínú ìsọ̀ wa lọ́jọ́ náà, wolé-wolé nìkan ni ó dúró fún ẹni tí yóò jẹ ẹ̀wà náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó padà wá, ó sì bu ọwọ́ lu ìwé. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ̀wà ẹlẹgbẹ́ àbúrò mi, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó di ẹnu àpò fún alágbàtà, ẹ kọ́kọ́ bù nínú rẹ̀ sè fún ọmọ yín.