Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹni tó bá wo aago, tó ka wákàtí 24 sí ọjọ́ kan, ogún àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ló ń jẹ. Àwọn náà ló ti ń ka ọjọ́ 365 sí ọdún kan láyé ọjọ́un. Ọgbọ́n wọn wú àwọn baba wa lórí débi pé àwọn kan ní ọ̀dọ̀ wọn la ti ṣẹ̀. Samuel Johnson na ìka sọ́nà ibẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, J. Olumide Lucas ní ẹ̀sìn wa ti ibẹ̀ wá, ní 1948. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ifẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Ẹ wo àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì tí wọ́n ń hú ní Igbó Ọlọ́kun, ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákálá bí amọ̀ yòókù, ṣùgbọ́n gíláàsì ti yọ́ bo inú rẹ̀, ó ń dán, òmíràn búlúù, òmíràn àwọ̀ ewé. Amọ̀ tí iná tó lé ní 1,000 digiri kò fọ́! Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, rí àwọn iṣẹ́ ọnà ibẹ̀, ó ní ti àwọn ará Atlantis ni. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ní gíláàsì òkèèrè la kàn ń tún yọ́.

Abidemi Babalola, onímọ̀ nípa ìwalẹ̀, walẹ̀ ní Igbó Ọlọ́kun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000. Àyẹ̀wò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní lime àti alumina pọ̀ nínú gíláàsì náà, bí kò ṣe pọ̀ nínú ti Íjíbítì tàbí ti Lárúbáwá. Èròjà agbègbè Ifẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ìlẹ̀kẹ̀ irú rẹ̀ dé Gao ní Mali. Orí mi wú nígbà tí mo kà á.

Kí Íjíbítì gba ìyìn tirẹ̀. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé ti jẹ púpọ̀ nínú Igbó Ọlọ́kun, àwọn ọmọ wa sì mọ pírámíìdì ju ibẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká dáàbò bo ìyókù, ká sì kọ́ wọn nílé ìwé pé àwọn baba ńlá wọn mọ bí a ṣe ń sọ òkúta di gíláàsì.