Lẹ́tà sí Àjọkẹ́, ọmọ mi tó fẹ́ wa mọ́tò la Amẹ́ríkà já

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń múra ìrìn-àjò yìí.

Mo ti ka orúkọ gbogbo ibi tí o ní ẹ fẹ́ yà sí, láti Kalifóníà ní ìwọ̀-oòrùn títí dé South Carolina ní ìlà-oòrùn. Mo rí ọgbà ìṣeré níbẹ̀, mo tún rí oríṣiríṣi ohun àrà tí àwọn èèyàn gbé kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Inú mi dùn sí i gan-an. Àwọn kan á sọ fún yín pé ìrànù gbáà ni kéèyàn jó epo bẹntiróòlù lọ wo mọ́tò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o mú dání: ibikíbi tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó kọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ẹni tó tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ.

Disneyland ní Anaheim ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955 ni wọ́n ṣí i. Walt Disney fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé orí bẹ́ńṣì ni òun jókòó sí ní Griffith Park, Los Angeles, tí òun ń wo àwọn ọmọbìnrin òun lórí ẹṣin onígi tó ń yí po, nígbà tó sọ sí òun lọ́kàn pé ó yẹ kí ibì kan wà tí òbí àtọmọ ti lè jọ ṣeré. Bí ìlà bá gùn níbẹ̀ tí oòrùn sì ń pa yín, ẹ wo àwọn bàbá tó gbé ọmọ kọ́ èjìká. Àwọn gan-an ló ní ibẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ gba Route 66 àtijọ́. Kí ẹ tó wọ Amarillo ní Texas, ẹ ó rí mọ́tò Cadillac mẹ́wàá nínú pápá, wọ́n ri imú wọn mọ́lẹ̀, ìdí wọn wà lókè. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Ant Farm ló gbé wọn kalẹ̀ ní 1974. Wọn kì í gbowó ìwọlé, àwọn àlejò sì máa ń mú ọ̀dà inú agolo lọ kùn wọ́n. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nígbà tí èmi àti bàbá rẹ gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀dà ti di léra wọn débi pé o ò lè rí irin mọ́, ó nípọn bí èèpo igi àràbà. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé kílẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn á ti kùn ún bò. Ó kọ ọ́ tán, ó wò ó dáadáa, ó bá tiẹ̀ lọ. Kọ orúkọ ẹni tí o bá fẹ́ràn síbẹ̀, kí o sì kó agolo rẹ kúrò nílẹ̀.

Ní Catoosa, Oklahoma, ẹja àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù kan wà lójú omi. Hugh Davis ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó fi ta ìyàwó rẹ̀, Zelta, lọ́rẹ fún àyájọ́ ìgbéyàwó wọn, nítorí pé Zelta fẹ́ràn láti máa kó ère àbùùbùtán kéékèèké jọ.

Ó jìnnà láti ibẹ̀ dé Alliance ní Nebraska, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Jim Reinders ti gbé ní Ìlú Ọba, ó sì ti wo àwọn òkúta ńláńlá tó wà ní Stonehenge dáadáa. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun àtàwọn mọ̀lẹ́bí péjọ sí oko tí bàbá náà ti gbé rí. Ní 1987, wọ́n to mọ́tò àlòkù sí òbìrìkítí bíi ti àwọn òkúta náà, mọ́tò 39, wọ́n sì kùn wọ́n ní àwọ̀ eérú. Àwọn aláṣẹ ìlú kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n wó o. Àwọn ará ìlú kan ló dìde gbèjà rẹ̀. Lónìí, òun ni àlejò ń torí rẹ̀ wọ ìlú náà. Òkú bàbá tí ọmọ ṣe ẹ̀yẹ fún báyìí kò sùn gbé.

Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Pigeon Forge, Tennessee, níbi tí ọgbà ìṣeré Dollywood wà. Àwọn ọkọ̀ orí irin tó ń já ṣòòròṣò láti òkè lẹ ń bá lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú ahéré onípákó tí wọ́n ṣe bíi ti ilé tí wọ́n ti tọ́ olórin nì, Dolly Parton, àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn méjìlá ni òbí wọn bí. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Nítorí bàbá yẹn ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1995 tó ń fi ìwé ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn ọmọdé títí wọ́n á fi pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Bí ẹ ṣe ń dúró níbi tó wù yín yìí, ẹ rántí pé nígbà kan, aláwọ̀ dúdú kò lè dúró jẹun tàbí sùn níbi tó bá wù ú lójú ọ̀nà orílẹ̀-èdè yìí. Victor Hugo Green, apínlẹ́tà kan tó ń gbé ní Harlem, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan jáde ní 1936 tó ń tọ́ka ilé oúnjẹ àti ilé ìtura tó máa gbà wọ́n. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló ṣe é fún.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ fi Ọ̀yọ́túnjí parí ìrìn-àjò yín, ní Sheldon, South Carolina. Detroit ni wọ́n ti bí Walter Eugene King ní 1928. Ó gba òrìṣà ní Kúbà ní 1959, ó di Ọba Efuntola Oseijeman Adefunmi, ó sì tẹ ìlú Yorùbá yìí dó ní 1970 fún àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú. Ní 1981, Ọọ̀ni Okunade Sijuwade ní kí wọ́n ṣe ètò ìwúyè fún un ní Ilé-Ifẹ̀. Tí o bá débẹ̀, kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, kí o sì fi Yorùbá kí wọn. Wọ́n ti ṣe wàhálà kí èdè tí o bá lẹ́nu mi má bàa kú mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹ má wa mọ́tò lóru. Ilé epo jìnnà síra wọn ní Nebraska, ẹ rọ epo kún kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Pè mí lálaalẹ́. Ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire.

Tí o bá dé, orúkọ àwọn tó kọ́ nǹkan wọ̀nyí àti ti àwọn tí wọ́n kọ́ wọn fún ni mo máa kọ́kọ́ bi ọ́. Lẹ́yìn náà la ó wo fọ́tò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.