Okùn Rọ́bà àti Ọgbọ́n Ọwọ́ ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin arábìnrin wa, bí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi ilé ìwé, tí ilé kún fún ariwo, tí ẹ sì ń wá ohun tí ọwọ́ wọn yóò máa ṣe, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé Àgbádárìgì. Ìlú náà kò jìnnà. Ẹni tó bá wà ní Erékùṣù Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Marina dé Mile 2, nítorí pé láti ọdún 2023 ni ọkọ̀ náà ti ń gbé èrò ní ọ̀nà yìí. Láti Mile 2 ni a ó ti wọ mọ́tò, tí a ó gba Ọjọ́ àti Okokomaiko kọjá, tí a ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn títí igi àgbọn yóò fi máa pọ̀ sí i lójú wa. Ẹ mú sùúrù dání nítorí ọ̀nà. Ẹ mú okùn rọ́bà aláwọ̀ méjì dání pẹ̀lú, nítorí pé òun ni a ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ tí a bá lọ.

Àwọn Ẹ̀gùn ló ni ilẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá kí yín pé “mi kuabo”, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé etí yín gbà á: “ẹ kú àbọ̀” tiwa náà ni. Ohun tí àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ lọ wò ni ilé alájà tí àwọn oníwàásù CMS kọ́ parí ní ọdún 1845, tí a mọ̀ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àwọn ẹrú sí. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e la ọ̀sà kọjá sí Gberefu, yóò sì fi ẹsẹ̀ rin orí iyanrìn, ní ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà lọ láìpadà, títí yóò fi dé etí òkun ńlá. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ wa rí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí àlejò tó ń kánjú kì í rí, ìyẹn ni ọgbọ́n tó wà ní ọwọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀.

Ẹ wo apẹja tó jókòó lábẹ́ igi àgbọn, tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ń wò, kò wo àwọ̀n, síbẹ̀ ojú àwọ̀n kan kò tóbi ju èkejì lọ, nítorí pé ó ní ìwọ̀n tó fi ń wọ̀n ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wo Zangbeto, olùṣọ́ òru àwọn Ẹ̀gùn, tí wọ́n fi ìko bò láti orí dé ilẹ̀, ìpele lórí ìpele. Ẹ wo ẹní tí a ti ń hun ní agbègbè yìí láti ìgbà pípẹ́, tí a ń fi gba àlejò, tí a ń fi tẹ́ aláìsàn àti ọmọ tuntun. Iṣẹ́ okùn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ bí okùn kan ṣe ń gba orí èkejì, tí ó sì ń wọ abẹ́ ẹ̀kẹta, ti wọ ẹbí náà.

Okùn rọ́bà tí a mú dání ni àbíkẹ́yìn ẹbí yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, òkìkí rẹ̀ kàn ní ìparí àwọn ọdún 1950 láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì ń pè é ní scoubidou, orúkọ tí orin Sacha Distel sọ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àgọ́ ìsinmi ni àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ọ, tí wọ́n fi ń ṣe okùn ọrùn tí a ń so fèrè tàbí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ọmọbìnrin tó bá ti mọ irun dì kò ní pẹ́ kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ìhun mẹ́ta.

Ìhun Onígun Mẹ́rin

Ẹ mú okùn méjì, pupa kan, funfun kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 1. Ẹ má ṣe gé e kúrú, nítorí ìhun a máa jẹ okùn: gbogbo gígùn yẹn kò ní di ju ọ̀pá tó tó ìka ọwọ́ lọ. Ẹ gbé àárín pupa lé àárín funfun bí àgbélébùú, kí orí pupa méjì wà lókè àti nísàlẹ̀, kí orí funfun méjì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi àtàǹpàkò te àárín. Ẹ ṣẹ́ orí pupa ti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí afárá kéékèèké méjì. Ẹ má tí ì fà wọ́n. Ẹ wá mú funfun ti ọwọ́ ọ̀tún, kí ó gba orí afárá tó bá kọ́kọ́ pàdé, kí ó sì wọ abẹ́ èkejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún funfun ti ọwọ́ òsì láti apá tirẹ̀. Nígbà náà ni ẹ ó fa orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tọ́, ẹ ó rí igun mẹ́rin, pupa méjì, funfun méjì, bí ojú ọpọ́n dáráfù. Ẹ máa tún un ṣe lé ara wọn, yóò sì máa ga bí ilé.

Ìhun Olóbìírí

Ẹ kọ́kọ́ hun ìpele kan bí ti òkè yìí. Lẹ́yìn náà, dípò kí ẹ ṣẹ́ okùn padà tààrà, ẹ ṣẹ́ ẹ ní ìdábùú, kí ó fi igun kan rékọjá sí igun tó tẹ̀ lé e, kí orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì máa yí sí apá kan ṣoṣo. Ọ̀pá náà yóò di roboto, àwọ̀ méjèèjì yóò sì máa lọ́ mọ́ ara wọn yí i ká.

Ìhun Pẹlẹbẹ

Èyí ló dára jù fún apá tí yóò yí ọrùn ká, nítorí pé kò nípọn. Okùn méjì yóò dúró ní àárín láìmira, méjì yóò wà lóde. Ti òsì yóò gba orí àwọn ti àárín lọ sí ọ̀tún. Ti ọ̀tún yóò gun ìrù ti òsì, yóò gba abẹ́ àwọn ti àárín, yóò sì yọ jáde nínú ojú tí ti òsì dá sílẹ̀. Ẹ fà á. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ti ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ dìde. Bí ẹ bá gbàgbé yí ọwọ́ padà, ìhun náà yóò máa lọ́ bí okùn ìwọ́.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ta á ní kókó líle. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi iná yọ́ orí rẹ̀, nítorí rọ́bà gbígbóná a máa lẹ̀ mọ́ ara, èéfín rẹ̀ kò sì dára. Gbogbo èérún okùn ni kí ẹ kó padà sílé. Ìjàpá òkun a máa gun etíkun yìí wá yé ẹyin, àjákù okùn àti àwọ̀n sì lè dè wọ́n pa.

Bóyá ẹnì kan yóò bi wá léèrè pé, kí ni eré ọmọdé yìí ní í ṣe pẹ̀lú àwa àgbà? Ìdáhùn wà nínú yàrá wa. Ẹní rọ́bà tí ẹ̀rọ hun ti gba ipò ẹní àtọwọ́dá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ó rọrùn láti nù, owó rẹ̀ kò sì ga, a kò lè dá ẹni tó rà á lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ra ẹní lọ́wọ́ ìyá tó ń hun ún mọ́, ọmọ rẹ̀ kò ní rí ìdí tí yóò fi jókòó tì í. A lè tún ẹní rà lọ́jà. A kò lè ra ọgbọ́n ìyá tó ti lọ láìkọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, rọ́bà tó lé ẹní kúrò nílé yìí náà ni kí a fi fa àwọn ọmọ padà sídìí ẹní. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun okùn ọrùn, tí ó tú u nígbà mẹ́ta kí ó tó gún, yóò mọ iye tí iṣẹ́ ọwọ́ tó. Kò ní na owó ẹní ní ìnàkunà lójú alẹ́ní mọ́.

Bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ wá ẹni tó ń hun ẹní. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ tọrọ àyè kí ọmọ yín jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìwọ̀n wákàtí kan, kí ẹ sì ra ẹní kan kí ẹ tó dìde. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa o.