Ọjọ́ Kan Kò Tó Ṣe Ẹlẹ́rìí

Kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí, mo ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Kàdúná. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ tí ó wà níkàáwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bá dúró lójúmọ́. Ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan, a máa dúró nígbà 6 lónìí, nígbà 12 lọ́la. Bí a bá pín in dọ́gba, 9 ni ó ń kan ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kan ó di 15. Mo fi tàdáwà pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Bídà. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò kí mi pé ó dìgbà.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti wá ka ìtàn Walter Shewhart, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Western Electric, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò tẹlifóònù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1924, ó ya àwòrán kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìlà kan wà láàrin fún iye tí a máa ń rí, ìlà ààlà sì wà lókè àti nísàlẹ̀. Àmì tí ó bá bọ́ sáàrin ààlà, ìṣe ẹ̀rọ náà ni: eruku, òwú tí kò lágbára, ọyẹ́ tí ń mú òwú gbẹ. A kò lè di irú rẹ̀ ru ẹnì kan. Èyí tí ó bá fo ààlà kọjá ni a ń wá ìdí rẹ̀.

Mo mú bébà, mo ṣírò ti ọ̀rẹ́ mi. 3 lọ́nà 3 ni 9. A ó mú 3 náà, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, a ó sì fi kún 9 ti àtẹ̀yìnwá. Ààlà òkè jẹ́ 18. Ọ̀rẹ́ mi kò ṣẹ̀! Mo wá rántí pé ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ kò tí ì lo oṣù kan tí mo fi kọ 14 sí iwájú orúkọ tirẹ̀ náà.

Mo ti kọ lẹ́tà sí Bídà láti tọrọ àforíjì. N kò tí ì rí èsì gbà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa náà yóò gba ìwé máàkì àti pàṣán lọ́wọ́ láìpẹ́. Ọmọ tí ó máa ń gba 6 nínú 10 lè gba 4 lọ́jọ́ kan láìya ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí a tó nawọ́ sí pàṣán. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tí ó fi ọjọ́ kan ṣoṣo dájọ́?